Gẹdú Nàìjíríà àbí gẹdú Gánà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó fẹ́ tà sókè òkun

Bí oníbàárà kan bá pè yín láti Ìlú Ọba pé kọ̀ǹtéínà ìrókò kan ni òun ń wá, ibo lẹ máa kọ́kọ́ kọjú sí? Ṣé Òkòbàbá, ọjà pákó tó wà ní Èbúté Mẹ́ta l'Ékòó ni, àbí Kúmásì ní Gánà? Káfíńtà tó ń kan àga ní Ìbàdàn ní irú ìbéèrè yìí tirẹ̀, nítorí plywood Gánà kì í ṣe àlejò lọ́jà wa. Ẹni tó jogún oko tíìkì, tó wá gbọ́ pé àwọn ará Íńdíà ń fi owó gidi ra tíìkì, òun náà ní tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi orúkọ igi dáhùn. Wọ́n á ní ìrókò tiwa le jù, tàbí pé pákó tiwọn mọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì ná. Ìrókò inú ẹgàn Ìdànrè àti odum ilẹ̀ Àṣáńtì, igi kan náà ni. Arère wa ni wọ́n ń pè ní wawa, àfárá wa ni ofram wọn, ọ̀gànwó sì wà lọ́hùn-ún bó ṣe wà níbí. Ohun tó ya orílẹ̀-èdè méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí ìtì igi ń gbà kúrò nínú igbó dé etí òkun, àti bí ìjọba wọn ṣe ṣe sí ọ̀nà náà láti ìgbà òmìnira títí di òní. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn á mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ lè há sí.

Ohun mẹ́rin ni mo fi wọn àwọn méjèèjì. Èkínní ni ohun tí òfin gbà kó jáde: odidi ìtì igi, pákó, tàbí ohun tí wọ́n ti kàn tán. Èkejì ni bóyá òfin náà dúró gbọn-in àbí ó ń yí bí ìjọba bá ṣe ń yí. Ìkẹta ni ìwé: ṣé ẹni tó ta igi fún yín lè tọ́ka sí kùkùté tí wọ́n ti gé e? Ìkẹrin ni iye tó máa ná yín, àti bóyá pákó náà á wúlò níbi tó ń lọ. Mo fi ìwé ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi iye gẹdú tí wọ́n tà lọ́dọọdún ṣe ìfiwéra: ẹ má wo ìwé ẹni tó tà nìkan. Ẹ wo ìwé ẹni tó rà. Orílẹ̀-èdè tó ti fòfin de ìtì igi kò ní í kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ṣì ń tà á, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè tó rà á á kọ gbogbo ohun tó wọ èbúté rẹ̀, nítorí owó ibodè tó fẹ́ gbà.

Nàìjíríà: ẹni tó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn

Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ọ̀gànwó ti ń gba ojú odò agbègbè Benin àti Sapele lọ sí Liverpool. Ìjọba òyìnbó ya igbó Olókemèjì sọ́tọ̀ ní 1899, àwọn igbó mìíràn bí Ọmọ, Ṣáṣá àti Ọlúwa sì tẹ̀ lé e nígbà tó yá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood tí UAC dá sílẹ̀ ní Sapele di ọ̀kan lára àwọn ilé ìlagi tó tóbi jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí a fi máa gba òmìnira ní 1960, odidi ìtì igi ni ọjà tí Nàìjíríà ń tà jù nínú gẹdú, arère ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tó wá pa ọjà yẹn kì í ṣe òfin. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ó sì le gan-an ní àwọn ibi tí igi ń gbà kọjá lọ sí òkun. Nígbà tí ogun parí ní 1970, owó epo rọ̀bì dé. Gbogbo ìlú ń kọ́ ilé, gbogbo ilé ń fẹ́ òrùlé, ilẹ̀kùn àti àga. Onígẹdú tó lè ta pákó rẹ̀ ní Èkó lọ́sàn-án òní, kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe? Náírà náà le nígbà náà, ó mú kí igi wa wọ́n lójú ará òkèèrè. Nígbà tí ìjọba ológun fi máa fòfin de títa ìtì igi sókè òkun ní 1976, ọjà náà ti ń kú lọ fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti wà ní títì, lórí ìwé. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jáde, igi wà níbẹ̀, yálà odidi ni o tàbí èyí tí wọ́n ti là. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú: pákó lílà pàápàá wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ohun tí wọ́n ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, bí àga, ilẹ̀kùn àti pákó ilẹ̀ tí wọ́n ti fá tí wọ́n sì ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ló ní ọ̀nà, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ ní 2025 pé kí kíkó igi àti ohun tó jẹ mọ́ ọn jáde dúró.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, Nàìjíríà ni ì bá gba ipò kìíní nínú ìpamọ́ igbó. Kò parí síbẹ̀. Láti nǹkan bí 2014, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú igbó àwọn ìpínlẹ̀ bí Tàràbà, Adamawa àti Cross River láti gé igi tí àwọn Hausa ń pè ní madobiya, tí ọjà àgbáyé ń pè ní rosewood. Àga aláṣà àtijọ́ tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Ṣáínà fẹ́ràn ni wọ́n ń fi ṣe. Láàárín ọdún díẹ̀, Nàìjíríà, tó ti fòfin de ìtì igi láti 1976, ló ń kó rosewood jáde jù lágbàáyé. Àjọ Environmental Investigation Agency gbé ìwádìí kan jáde ní 2017, wọ́n ní ìtì igi tó lé ní mílíọ̀nù 1.4, tí iye rẹ̀ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là, tí kọ́sítọ́ọ̀mù Ṣáínà ti dá dúró nítorí pé kò ní ìwé, ni wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin jáde láti Àbújá lẹ́yìn tí ẹrù ti dé ọ̀hún tán. Ní 2018, CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó ń lọ sí ìparun, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má ra igi náà lọ́wọ́ Nàìjíríà mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa wo ìwé ẹni tó rà. Ẹni tó bá ka òfin Nàìjíríà nìkan á ní kò sí ìtì igi kankan tó jáde. Ẹni tó bá ka ìwé èbúté Ṣáínà á rí òkìtì.

Gánà: ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀

Gánà kò yára. Èbúté Takoradi ṣí ní 1928, láti ìgbà náà ni ìtì igi ti ń gba ibẹ̀ jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹdú ló tẹ̀ lé kòkó àti wúrà nínú ohun tó ń mú owó òkèèrè wọlé fún wọn. Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ sí Nàìjíríà nìyẹn: àwọn kò ní epo rọ̀bì tí wọ́n lè fara tì nígbà náà, nítorí náà wọn kò lè ṣe bí ẹni pé gẹdú kò já mọ́ nǹkan.

Ní àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980, ètò ọrọ̀ ajé wọn dà wó. Kò sí páàtì ọkọ̀, kò sí táyà, sídì di bébà lásán, ìtì igi ń jẹrà sínú igbó. Nínú wàhálà yẹn ni wọ́n fi òfin de odidi ìtì igi oríṣi 14 ní 1979. Ẹ kíyè sí i: oríṣi 14, kì í ṣe gbogbo igi. Àwọn igi tó gbówó lórí jù ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró, wọ́n ní kí àwọn ilé ìlagi ilé máa là wọ́n. Àwọn yòókù ṣì ń lọ ní odidi.

Ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1983 mú owó àyálò wá, wọ́n sì fi ra ẹ̀rọ tuntun, katakátá àti ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn onígẹdú. Òwò gbérí. Ó gbérí ju bó ṣe yẹ lọ, lójú tèmi, nítorí pé wọ́n ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó ka igi. Nígbà tó di 1993 sí 1994, àwọn oníbàárà láti Éṣíà dé, wọ́n ń ra ìtì àwọn igi tí ẹnì kan kò kà sí tẹ́lẹ̀. Iye ìtì igi tó ń jáde fò sókè lójijì. Ìjọba rí i pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ilé ìlagi Kúmásì kò ní rí igi là, ni wọ́n bá dá títa odidi ìtì igi inú igbó dúró ní 1994 wọ 1995.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú mi gbà pé Gánà ṣe é dé ìdí ju Nàìjíríà lọ. Ní 1996 wọ́n fi ààlà sí iye igi tí wọ́n lè gé lọ́dún: mílíọ̀nù kan kúbíìkì mítà, ìdajì láti inú igbó ìjọba, ìdajì láti ìta. Ní 1997 wọ́n ṣe òfin tuntun lórí àdéhùn gígé igi, ní 1998 wọ́n sì fòfin de fífi ayùn ẹ̀rọ la igi sínú igbó fún títà. Wọ́n gbé owó orí lé pákó tí afẹ́fẹ́ lásán gbẹ, kí àwọn ilé ìlagi lè ra ilé ìgbẹpákó. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 2010, nǹkan bí 300,000 sí 400,000 kúbíìkì mítà pákó, plywood, igi bíbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti tíìkì ló ń jáde lọ́dún, Forestry Commission, àjọ ìjọba tó ń mójú tó igbó, sì ń tẹ iye rẹ̀ jáde kí gbogbo ayé lè rí i. Tíìkì, tí wọ́n gbìn fúnra wọn, nìkan ló ṣì ń lọ ní odidi tàbí ní gígé kúkúrú, Íńdíà ló sì ń rà á jù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Rosewood kan náà dójú tì wọ́n. Wọ́n fòfin dè é ní 2014, wọ́n tún dè é ní 2017, wọ́n tún dè é ní 2019. Òfin tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àjọ kan náà tó ṣe ìwádìí Nàìjíríà sọ ní 2019 pé ó lé ní 540,000 tọ́ọ̀nù tó ti jáde láti Gánà lọ sí Ṣáínà láti 2012. Ìwé àṣẹ fún igi tó ti wó tàbí tó wà lójú ọ̀nà títì ni wọ́n ń fi bo èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé.

Ìwé: ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ jù

Ní Nàìjíríà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni igbó, ìjọba àpapọ̀ ló ni èbúté. Ẹ ro ọ̀nà tí igi kan ń gbà láti Ọ̀rẹ̀. Àwọn aṣọ́gbó Oǹdó gba owó, wọ́n fi òòlù lu àmì sí ìdí ìtì igi náà, wọ́n já ìwé fún awakọ̀. Ó kọjá ìpínlẹ̀ Ògùn, ó san owó tó bá yẹ kó san, àti èyí tí kò yẹ. Tàbí kí wọ́n so ó mọ́ àwọn ìtì yòókù kó máa léfòó bọ̀ lórí ọ̀sà títí dé Òkòbàbá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti là á. Ibi tí àmì òòlù wà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé dànù, pákó náà sì dàpọ̀ mọ́ ti Ẹdó, ti Èkìtì àti ti Ògùn. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ọlọgbọ́n tó lè sọ kùkùté tó ti wá. Cross River dá gígé igi dúró ní 2008, síbẹ̀ igi kò yé jáde nínú igbó wọn, bẹ́ẹ̀ bí pákó wọn bá dé ọjà tán, kò lórúkọ mọ́.

Ìyẹn kì í dun káfíńtà. Ó ń dun ẹni tó fẹ́ tà sókè òkun, nítorí ayé ti yí padà. Amẹ́ríkà tún òfin Lacey ṣe ní 2008 kó lè kan igi, ẹni tó bá kó igi tí wọ́n gé lọ́nà àìtọ́ wọlé lè ṣẹ̀wọ̀n. Ti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013, Ìlú Ọba sì ń lo irú rẹ̀ títí di òní. Yúróòpù tún ti ṣe òfin mìíràn ní 2023: ẹni tó ń kó igi wọlé á kọ ibi tí wọ́n ti gé e sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń tọ́ka ilẹ̀ náà lórí máàpù, á sì fi hàn pé wọn kò sọ igbó ibẹ̀ di oko lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020. Ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí fipá mú un ni wọ́n ń sún síwájú, òfin náà kò lọ ibìkankan. Ẹ bi ọ̀gá yín ní Òkòbàbá ní nọ́ńbà ilẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe máa wò yín.

Ní Gánà, wọ́n máa ń ka àwọn igi inú ìpín kan kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀kankan, igi kọ̀ọ̀kan á sì gba nọ́ńbà. Bí wọ́n bá gé e, wọ́n á kọ nọ́ńbà náà sí kùkùté àti sí ìtì, ìwé tó bá a rìn á gbé nọ́ńbà kan náà dé ilé ìlagi. Ẹ̀ka ìjọba kan ṣoṣo, Forestry Commission, ló wà nídìí rẹ̀ láti igbó dé Takoradi tàbí Tema. Ní 2009 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Yúróòpù pé kò sí gẹdú tó máa lọ síbẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí FLEGT. Ọdún 16 ni wọ́n fi ṣe ìpàdé, ìdánwò àti àtúnṣe kí ìwé àkọ́kọ́ tó jáde ní 2025. Àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Indonesia nìkan ló ṣáájú wọn lágbàáyé, ní 2016.

Ìwé ẹ̀rí yẹn ń sọ pé wọ́n gé igi náà bí òfin ṣe wí. Kò sọ pé wọn kò pa igbó run. Nítorí náà, oníbàárà Yúróòpù á ṣì béèrè nọ́ńbà ilẹ̀ lọ́wọ́ yín bí òfin tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé Gánà ní ibi tí wọ́n ti lè mú un jáde.

Àbùkù kan wà nínú ètò Gánà tí àwọn tó ń yìn ín kì í mẹ́nu kàn. Ètò tó mọ́ yìí, ọjà òkèèrè ni wọ́n ṣe é fún. Káfíńtà Kúmásì fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ayùn ẹ̀rọ la igi lóru nínú igbó ló ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú pákó rẹ̀, láti 1998 tí òfin ti ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Bí ẹ bá lọ ra pákó ní ọjà ìta gbangba ní Gánà, tí ẹ sì rò pé ẹ ti ra ohun tó ní ìwé nítorí pé Gánà ni, ẹ ti tan ara yín. Ilé ìlagi tó ní àdéhùn gígé igi ni kí ẹ lọ.

Owó, omi ara igi, àti bọ́dà

Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, ohunkóhun tí wọ́n bá fi náírà ṣe di ọ̀pọ̀ lójú ẹni tó ní dọ́là. Owó iṣẹ́ káfíńtà wa, owó pákó wa, gbogbo rẹ̀ rẹlẹ̀ tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gánà. Òdìkejì rẹ̀ ni pé plywood Gánà ti wọ́n fún wa.

Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó o bọ̀ láti Kúmásì á gba Aflao, Lomé, Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀. ECOWAS ní kí ẹrù tí wọ́n ṣe nínú ilẹ̀ wa kọjá láìsan owó ibodè, bí ìwé orísun rẹ̀ bá pé. Ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn mọ̀ pé òfin ECOWAS lọ́tọ̀, ẹnubodè lọ́tọ̀. Nàìjíríà sì ti bọ́dà rẹ̀ láti Oṣù Kẹjọ 2019 títí di Oṣù Kejìlá 2020, ẹrù tó wà lójú ọ̀nà há síbẹ̀. Ẹ ka irú ewu yẹn mọ́ owó tí ẹ máa ná.

Bí ó bá kan ọjà òkèèrè, omi ara igi ló ń ba òwò jẹ́ ju owó lọ. Pákó tó pọ̀ jù lọ́jà wa ṣì tútù. Bó bá dé ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù, á sún kì, á là, àga á yọ nínú oríkèé. Pákó tó ń lọ sírú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ títí omi ara rẹ̀ á fi wà láàárín 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ tiwa kò sì lè gbẹ ẹ́ débẹ̀, ó di ilé ìgbẹpákó. Òfin Gánà ti fipá mú àwọn ilé ìlagi wọn ra irú ẹ̀rọ yẹn láti bí ọgbọ̀n ọdún. Lọ́dọ̀ wa, ilé iṣẹ́ tó ní in kò pọ̀. Ìwọ̀n náà tún wà níbẹ̀: pákó íńṣì kan tiwa kì í sábà pé íńṣì kan, ọ̀kan nípọn lórí, ó fẹ́lẹ́ nídìí. Ẹ̀rọ àtijọ́ ló fà á, àti pé ọjà ilé kò fìyà jẹ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, ọ̀gànwó àti ìrókò ńlá ti di ohun à ń wá kiri ní Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù. Mẹlína, tí wọ́n gbìn rẹpẹtẹ sínú igbó Ọmọ nítorí ilé iṣẹ́ bébà Iwopin, ló kún ọjà báyìí, àti tíìkì. Ní Gánà náà, arère, àràbà tí wọ́n fi ń ṣe plywood, àti tíìkì ló ń gbé òwò wọn ró.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó fẹ́ tà fún Yúróòpù, Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, Gánà ni kó lọ. Mi ò rí ohun tí a fẹ́ jiyàn lé níbẹ̀. Ẹ lọ bá ilé ìlagi tó ní àdéhùn, ẹ ra pákó tí ẹ̀rọ gbẹ, ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Á wọ́n ju Òkòbàbá lọ. Bí ẹrù bá há sí èbúté Felixstowe ní Ìlú Ọba, owó ìdádúró rẹ̀ á jẹ èrè ọdún kan.

Káfíńtà ilé, tó ń ṣe ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná, kó dúró sí Nàìjíríà. Kó lọ sí ilé ìlagi fúnra rẹ̀, kó mú téèpù lọ́wọ́, kó ra 1×12 àti 2×6 rẹ̀ ṣíwájú oṣù díẹ̀, kó tò wọ́n sábẹ́ òrùlé pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Plywood nìkan ni mo lè ní kó ra ti Gánà fún iṣẹ́ tí omi lè kàn, bí owó rẹ̀ bá ká a.

Ẹni tó ní ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, tó fẹ́ kan àga tàbí pákó ilẹ̀ ní Nàìjíríà kó sì tà á sókè òkun, òun ni náírà ń ṣe lóore jù báyìí. Òfin àtijọ́ kò dí i lọ́nà bí iṣẹ́ bá ti parí lórí igi náà, ṣùgbọ́n nítorí àṣẹ 2025, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Àmọ́ igi oko ni kó lò, tíìkì tàbí mẹlína láti ilẹ̀ tó lè tọ́ka sí, tó ní ìwé, tí olóko rẹ̀ lè sọ ọdún tí wọ́n gbìn ín. Igi inú ẹgàn láti ọjà gbogboogbò á pa á lára bí oníbàárà rẹ̀ bá béèrè orísun, oníbàárà á sì béèrè.

Olóko tíìkì tó ń wo Íńdíà wà ní ibi tó ṣòro jù. Ní Gánà, òwò yìí ní ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní Nàìjíríà, igi odidi tàbí lílà wà nínú ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀, bó ti wù kí àwọn aṣojú oníbàárà máa sọ fún yín pé gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá mú ẹrù náà, orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀, tiwọn kò sí níbẹ̀. Bí tíìkì yín kò bá tíì dàgbà, ẹ fi sílẹ̀ kó máa sanra. Bó bá ti tó gé, ẹ wá ilé iṣẹ́ tó lè sọ ọ́ di pákó ilẹ̀ tàbí àga, ẹ bá wọn pín èrè.

Rosewood ńkọ́? Ẹ má rà á ní Nàìjíríà, ẹ má rà á ní Gánà. CITES dá òwò igi náà dúró ní gbogbo orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà tó ń hù sí ní 2022. Bí ẹnì kan bá mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá fún yín, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀.